Gbèsè àti Ẹnu Onígbèsè

Bí ẹnìkan bá jẹ gbèsè nítorí pé a kò san owó oṣù rẹ̀ fún un, ṣé ó ti ṣẹ̀?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àlọ́ fún wa ní Ọ̀tùn. Ní ọdún 2015, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Nàìjíríà ni ó jẹ òṣìṣẹ́ lówó oṣù, títí ìjọba àpapọ̀ fi gbé owó ìrànwọ́ kalẹ̀. Èkìtì wà nínú wọn, àjẹsílẹ̀ náà kò sì tíì tán nígbà tí ìjọba yí padà ní oṣù kẹwàá ọdún 2018. Tíṣà ń ra ìrẹsì láwìn lọ́wọ́ ọlọ́jà, ọlọ́jà jẹ ẹni tí ó kó ọjà fún un, onílé sì ń kan ilẹ̀kùn.

Èmi tí mò ń kọ̀wé yìí wà níbẹ̀. Mo jẹ ìyá kan tí ń ta èlò oúnjẹ lówó. Ní oṣù àkọ́kọ́ mo ní, “Ẹ má bínú, Màmá, ó di ìparí oṣù, in shā Allāh.” Mo gba ọ̀rọ̀ ara mi gbọ́ nígbà náà. Ní oṣù kẹta mo mọ̀ pé kò sí owó kankan lójú ọ̀nà, síbẹ̀ ohun kan náà ni mo wí. Nígbà tí ó di oṣù karùn-ún, ẹ̀yìnkùlé ni mò ń gbà lọ sí mọ́sálásí, kí ìyá náà má baà rí mi. Mò ń sá fún ènìyàn lójú ọ̀nà ilé Ọlọ́hun!

Ọjọ́ tí ó pàpà rí mi, kò pariwo. Ó ní, “Tíṣà, kì í ṣe owó náà ló dùn mí jù. Ìparí oṣù tí ẹ dá fún mi ni èmi náà dá fún ẹni tí mo jẹ. Ẹ ti sọ mí di òpùrọ́.”

Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) máa ń wá ìṣọ́ Ọlọ́hun kúrò lọ́wọ́ gbèsè. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè ìdí rẹ̀, kò dárúkọ ebi, kò dárúkọ ìtìjú. Ohun tí gbèsè ń ṣe sí ẹnu ni ó mẹ́nu bà: onígbèsè a máa parọ́, a sì máa yẹ àdéhùn.

Nítorí náà, èmi kò rí ẹ̀ṣẹ̀ nínú àìní. Ẹni tí ó ní lọ́wọ́ tí ó ń fi owó falẹ̀ ni Ànábì pè ní alábòsí, ẹni tí ó bá gba òṣìṣẹ́ síṣẹ́ kí ó gbọ́ èyí. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo dá, tí mo mọ̀ pé kò lè pé, tèmi ni. Súrà Baqarah, āyà 280, pàṣẹ kí a fún onígbèsè tí ara ń ni ní àkókò. Báwo ni olówó yóò ṣe fún mi ní àkókò tí n kò jẹ́ kí ó mọ̀ pé mo nílò rẹ̀? Āyà 282 sì ní kí a kọ gbèsè sílẹ̀, ẹni tí ó jẹ gbèsè ni kí ó sì máa pe ohun tí akọ̀wé yóò kọ.

Ẹnìkan yóò ní, “Bí mo bá sọ òótọ́, kò ní tà fún mi láwìn mọ́, ebi yóò sì pa àwọn ọmọ.” Ó lè rí bẹ́ẹ̀, n kò ní tàn yín. Ṣùgbọ́n ọjà rẹ̀ ni. Òun ni ó ni ẹ̀tọ́ láti tà tàbí kí ó má tà. Onígbèsè wà lára àwọn mẹ́jọ tí sàká tọ́ sí. Kí ló dé tí a kì í lè sọ ọ́ fún jámáà, tí a fi ń wọ aṣọ Ìléyá tuntun bo gbèsè mọ́lẹ̀?

Àwọn mìíràn a yá owó èlé lórí fóònù láti fi san ti ọlọ́jà. Láyé àtijọ́, iṣẹ́ ìwọ̀fà kì í dín owó tí ó yá kù. Èlé ni iṣẹ́ náà dúró fún. Ẹni tí owó oṣù rẹ̀ ń bá èlé lọ, ìwọ̀fà ni, bí ó tilẹ̀ de táì.

Èmi àti ìyá náà jókòó, mo ka iye tí mo jẹ, ọmọ rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé. A kò dá ìparí oṣù kankan. Ohun tí mo bá rí lọ́sẹ̀ ni mò ń mú wá, nígbà mìíràn kò ju owó gààrí lọ. Ó gbà mí ní ọdún kan àti ààbọ̀, ṣùgbọ́n láti ọ̀sẹ̀ kìíní ni mo ti padà sí ojú ọ̀nà iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.