Igbá Lápité

Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé. Bí a ṣe ń pa òwe yìí fún àwọn olóṣèlú lónìí, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di èpè, bí ẹni pé Ọlọ́run ni yóò bá wa mú ọ̀kánjúwà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀san nínú òwe náà. Àgbà ló wà níbẹ̀, oúnjẹ àti igbá, pẹ̀lú àwọn ọmọdé tí òwe kò tilẹ̀ dárúkọ. Bàbá jókòó ti àmàlà, àwọn ọmọ wà lẹ́yìn, wọ́n ń wo ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Wọ́n mọ̀ pé bí ó bá ṣíwọ́, yóò ku òkèlè díẹ̀ àti ẹran kan nísàlẹ̀ ọbẹ̀. Nítorí ìyẹn ni wọn yóò ṣe dìde gbé igbá lọ fọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán wọn. Lọ́jọ́ tí bàbá bá fi ìka nu ìdí àwo, kò sẹ́ni tí yóò bú u. Wọn yóò kàn tú ká ni. Òwe náà kò ní kí àgbà má jẹun, kò tilẹ̀ ní kó pín in dọ́gba. Ohun tó ń sọ ni pé agbára kì í dá rìn: ọwọ́ ẹlòmíràn ló ń gbé e, ọwọ́ náà sì ní ohun tó ń retí.

N kò mọ iṣẹ́ ọnà tó tú òwe yìí palẹ̀ tó Ṣaworoidẹ, fíìmù tí Túndé Kèlání gbé jáde ní 1999, ọdún tí àwọn sójà gbéjọba sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ ìtàn rẹ̀. Lápité, tí Kọ́lá Oyèwọ̀ ṣe, fẹ́ jọba Jogbo, ṣùgbọ́n kò fẹ́ dá májẹ̀mú tó so ọba pọ̀ mọ́ ìlú, torí ọba tó bá dá a kò lè fi oyè kó ọrọ̀ jọ. Ó dé adé láìbúra. Kò pẹ́ tí àwọn agégẹdú fi ya wọ igbó Jogbo: owó ń wọlé fún ọba àtàwọn ìjòyè, oko ń bàjẹ́ mọ́ àwọn àgbẹ̀ lọ́wọ́.

Ẹnì kan lè sọ pé Lápité kì í ṣe àjẹìwẹ̀yìn, torí kò dá jẹ. Òótọ́ ni: Balógun jẹ, Ṣẹ̀ríkí jẹ. Ṣùgbọ́n àwọn ìyẹn kò sí lẹ́yìn. Wọ́n jókòó yí àwo ká pẹ̀lú rẹ̀ ni. Ẹni tó ń báni jẹun kọ́ ló ń báni gbé igbá. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ Jogbo dìde, kò sí ìjòyè kan tó lè dá wọn dúró. Làgáta, ọ̀gá sójà, ni ọba ránṣẹ́ pè. Ibí yìí ni mo ti rò pé fíìmù náà jinlẹ̀ jù lọ, torí a máa ń rò pé ọjọ́ tí àgbà bá ṣubú ni yóò tó ru igbá rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ sanwó fún ohun tí àwọn ènìyàn ń ṣe fún un lọ́fẹ̀ẹ́ ni ẹrù ti gun orí rẹ̀. (Àwọn tó ń gba ìrẹsì àti owó lọ́wọ́ olóṣèlú lọ́jọ́ ìdìbò, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n dúró sí lóòótọ́, ṣùgbọ́n alágbàṣe ni wọ́n.) Alágbàṣe yóò sì yọjú wo inú igbá lójú ọ̀nà. Làgáta wò ó, ó yíjú ìbọn sí ọba, ó gba ìtẹ́.

Bí ẹnì kan bá ní eré lásán nìyẹn, kó wo Mobutu ní Zaire. Nǹkan bí ọdún 32 ló fi wà lórí oyè. Ó kọ́ ààfin sínú igbó ní Gbadolite, ó sì ṣe pápákọ̀ òfuurufú tí Concorde lè balẹ̀ sí, nígbà tí owó oṣù àwọn sójà rẹ̀ kì í dé déédéé. Ní 1991, àwọn sójà yìí fúnra wọn ló bẹ̀rẹ̀ sí í kó ilé àti ìsọ̀ ní Kinshasa. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun ọlọ̀tẹ̀ Laurent Kabila sì ń bọ̀ ní 1996 àti 1997, ìlú lẹ́yìn ìlú ni ẹ̀ṣọ́ ìjọba sá kúrò níbẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún 1997, bí Mobutu ṣe ń sá lọ, àwọn ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀ ló yìnbọn sí ọkọ̀ òfuurufú tó gbé e.

Ṣùgbọ́n Abacha, olórí ìjọba ológun Nàìjíríà, ńkọ́? Orí oyè ló kú sí ní 1998, kò sẹ́ni tó lé e. Ní 2017 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí àdéhùn pé kí Switzerland dá 321 mílíọ̀nù dọ́là padà nínú owó tí wọ́n gbà pé ó kó. Mo gbà: òwe kì í ṣe àsọtẹ́lẹ̀, àwọn kan á jẹun tán, wọn á sì sùn. Ẹjọ́ tó tún le ju ìyẹn lọ ni pé àgbà nìkan ni òwe náà ń bá sọ̀rọ̀. Kí àgbà tó ru igbá rẹ̀ délé, ebi ti pa ọmọ. Kí Lápité tó ṣubú, gẹdú ti wó. Òwe kò ní oògùn èyí, mo sì rò pé Ìṣọ̀lá mọ̀ bẹ́ẹ̀, torí ó fi ìbúra síwájú oúnjẹ. Òwe ń dúró de ìgbà tí àgbà yóò kábàámọ̀. Májẹ̀mú ti dè é kó tó bu òkèlè àkọ́kọ́.

Àwọn kan yóò ní ibẹ̀ gan-an ni fíìmù ti tàn wá. Ìlù Ṣaworoidẹ, èyí tó so mọ́ májẹ̀mú ọba, dún, orí fọ́ Làgáta, ó kú. Ta ló ní irú ìlù bẹ́ẹ̀ ní Abuja? Àríwísí yìí tọ́ bí a bá rò pé ìlù ló pa á. Ṣùgbọ́n ìlù tó wà nílẹ̀ kò lè pa ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ ọmọ Àyàn ló gbọ́dọ̀ lù ú, lójú gbogbo ìlú, níwájú ẹni tó ní ìbọn, ọwọ́ yẹn kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyẹn tí ìlù fi ń ba Lápité lẹ́rù ju àwọn ọ̀dọ́ tó dìde sí i lọ: ó lè fi sójà lé àwọn ọ̀dọ́, àmọ́ kò rí iye tí yóò san fún onílù.