Ẹsẹ̀ Tí Wọn Kò Pè Sí Ìpàdé: Ojú Ifá Lórí Ẹni Tí Ìsanra Ń Padà Sí Lára

Ẹni tó ti gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin láti dín ara kù, tí gbogbo kílò tó jò tún padà sí i lára, kì í sábà ní okun àtitún bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe àìmọ̀ ló ń dá a dúró. Ó ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ọ̀lẹ lòun, tàbí pé bí orí òun ṣe gbà á nìyẹn. Ẹ̀kọ́ Ifá kò dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́jọ́ ọ̀lẹ.

Nínú ìwé Wándé Abímbọ́lá, Ifá: An Exposition of Ifá Literary Corpus, tó jáde ní Ìbàdàn lọ́dún 1976, ẹsẹ Ifá kan sọ bí àwọn Orí ṣe péjọ láti gbìmọ̀ tí wọn kò sì pe Ẹsẹ̀. Èṣù kìlọ̀ fún wọn. Wọn kò gbọ́, àríyànjiyàn sì tú ìpàdé náà ká. Ìgbà tí wọ́n ránṣẹ́ sí Ẹsẹ̀ tó dé ni ọ̀rọ̀ wọn tó lójú. Ẹsẹ Ifá yìí kò ní Orí burú, kò sì ní ìmọ̀ràn wọn kò dára. Ẹnì kan ló ṣẹ́kù tí wọn kò pè. Orí dúró fún ìpín àti ìpinnu, Ẹsẹ̀ dúró fún akitiyan tó ń gbé ìpinnu dé ibi tó ń lọ.

Ìpinnu láti fọn kì í wọ́n. Dókítà á sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ ríru, tàbí kí aṣọ tí wọ́n rán lọ́dún tó kọjá kọ̀ láti wọlé, Orí á sì pinnu lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ẹni tó ń gbé Challenge ní Ìbàdàn, tó ń ṣiṣẹ́ ní Dùgbẹ̀. Ó ti jáde nílé kó tó jẹun. Puff-puff àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò ló fi panu lọ́sàn-án. Nígbà tó bá délé lálẹ́, ẹ̀bà ńlá ló kàn, ibùsùn ló tẹ̀lé e. Ìpinnu rẹ̀ wà níbẹ̀ digbí, àmọ́ kò sí ohunkóhun nínú ọjọ́ rẹ̀ tí wọ́n tún tò nítorí ìpinnu náà. Ẹsẹ̀ ni kó se ẹ̀wà sílẹ̀ lálẹ́ kó sì dì í lọ síbi iṣẹ́. Ẹsẹ̀ náà ni kí ẹni tó fẹ́ràn àmàlà Bódìjà ní kí wọ́n bu òkèlè kan dípò méjì, kí ewédú àti ẹ̀fọ́ pọ̀ sí i.

Kò tọ́ ká sọ Ẹsẹ̀ di ìrìn nìkan. Ìrìn dára fún ọkàn àti ẹ̀jẹ̀, ẹni tó ń gbé Àgbowó sì rí Yunifásítì Ìbàdàn níwájú rẹ̀ láti máa rìn láàárọ̀. Ṣùgbọ́n ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2008 fi àwọn obìnrin abúlé ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ yìí wé àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ní Maywood nítòsí Chicago. Àwọn ti Maywood sanra jù wọ́n lọ dáadáa. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n ro ìtóbi ara mọ́ ọn, agbára tí wọ́n ń ná nínú ìgbòkègbodò kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Inú ìkòkò àti àwo ló yẹ ká kọ́kọ́ wò.

Ti pé kílò ń padà ńkọ́? Ìtàn Àjàlá tó ń mọ orí lọ́run jẹ́ ká mọ̀ pé amọ̀ tí a fi mọ oníkálukú kò rí bákan náà. Lọ́dún 2016, Kevin Hall àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí jáde lórí ènìyàn 14 tó kópa nínú ìdíje orí tẹlifíṣọ̀n, The Biggest Loser. Wọ́n ti jò tó kílò 58 ní ìpíndọ́gba. Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, nǹkan bíi 41 ti padà, ara wọn sì ń jó kálórì tó fi nǹkan bí 500 dín lójúmọ́ sí iye tó yẹ. Ara fúnra rẹ̀ ló ń jà láti gba ohun tó sọ nù padà, ó sì dunni pé ọ̀pọ̀ ń fi ìyẹn pe ara wọn ní ọ̀lẹ.

Bí babaláwo bá rúbọ tán, ó máa ń bi Ifá bóyá ẹbọ gbà. Bí Ifá bá ní kò tíì gbà, kò ní lé ẹni tó wá dáfá lọ. Yóò wádìí ohun tó kù títí yóò fi rí i. Ìbéèrè kan náà ló yẹ fún ẹni tí kílò padà sí lára: ìgbà wo nínú ọjọ́ ni nǹkan máa ń dàrú? Ta ló ń se oúnjẹ ilé? Ṣé oorun ń tó o? Nígbà mìíràn, àwọn ará ilé àti ọ̀rẹ́ gan-an ni Ẹsẹ̀ tí wọn kò pè. Lójú ọ̀pọ̀ Yorùbá, ìsanra ṣì ni ìgbádùn, ẹni tó bá jò díẹ̀ sì máa gbọ́ ọ lóde: “Ìyá Bọ́lá, ẹ ti rù o! Ṣé kò sí?” Wọ́n á sì bu ìrẹsì sí i fún un. Ìfẹ́ ni, àmọ́ ó ti dá ọ̀pọ̀ padà lójú ọ̀nà. Ó yẹ kí irú wọn mọ ohun tó ń lọ.

Ó yẹ ká mọ bí a ṣe ń mọ̀ pé ẹbọ gbà pẹ̀lú. Ẹni tó wọn 100 kílò kò ní láti di 60 kó tó jèrè. Bí kílò márùn-ún sí mẹ́wàá bá lọ, tí kò sì padà, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sábà máa ń wálẹ̀.