Ohun Tí Ojú Rí Tí Ẹnu Kò Sọ: Òfin Òkè Yudono

Yudono jẹ́ ọ̀kan nínú òkè mímọ́ mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní Dewa Sanzan ní agbègbè Yamagata, ní orílẹ̀-èdè Japan. Haguro àti Gassan ni méjì yòókù. Ní ìlànà àtijọ́, Yudono ni arìnrìn-àjò ẹ̀sìn máa ń dé gbẹ̀yìn. Wọn kò kọ́lé bo ohun tí wọ́n ń bọ níbẹ̀. Àlejò yóò bọ́ bàtà, wọn yóò ṣe ètò ìwẹ̀nùmọ́ fún un, kò sì gbọdọ̀ ya fọ́tò. Òfin àtayébáyé ibẹ̀ ni pé ẹni tí ó ti rí i kò gbọdọ̀ sọ, ẹni tí kò tíì rí i kò sì gbọdọ̀ béèrè.

Ní ọdún 1689, akéwì Matsuo Bashō dé ibẹ̀. Nínú ìwé ìrìn-àjò rẹ̀, Oku no Hosomichi, ó ṣàlàyé pé òfin kò jẹ́ kí òun tú ọ̀rọ̀ ibẹ̀ síta, ó sì gbé gègé sílẹ̀. Ewì kúkúrú tí ó kọ sọ ti omijé rẹ̀, kò sọ ti ohun tí ó rí.

Àwọn ẹlòmíràn ti kọ ọ́ sínú ìwé láti ìgbà náà. Ǹjẹ́ òfin yìí ṣì de ẹnikẹ́ni? Ẹni tí ó bá ní kò dè é mọ́ lè sọ pé àṣírí tí ó ti tú kì í ṣe àṣírí mọ́, àti pé “má béèrè” ti bo ọ̀pọ̀ ìwà ìkà mọ́lẹ̀ láyé.

Àtakò yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Níbi tí ìdákẹ́ bá ti ń bo ìyà ẹlòmíràn mọ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ sísọ di dandan. Ṣùgbọ́n òfin Yudono kò fi ohun kan du ẹnikẹ́ni, nítorí pé ẹni tí ó bá lọ, tí ó sì bọ́ bàtà, yóò rí i. Ohun tí ó kọ̀ ni kí ẹni tí ó jókòó sílé rò pé òun náà ti débẹ̀. Ẹni tí ó sì gba ìwẹ̀nùmọ́ ti jẹ́jẹ̀ẹ́, yálà ó gba òrìṣà ibẹ̀ gbọ́ tàbí kò gbà á gbọ́. Bí ẹlòmíràn bá da ẹ̀jẹ́ tirẹ̀, ìyẹn kò tú u sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan onímọ̀ èdè tí ń gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n fi hàn án ni wọ́n fún un. Bí àgbà bá ní kí ó pa ẹ̀rọ, ó yẹ kí ó pa á, kí ó sì kọ ọ́ sínú iṣẹ́ rẹ̀ pé ibẹ̀ ni àgbà náà dúró. Ìyẹn náà jẹ́ ìmọ̀ nípa èdè àti nípa àwọn tí ó ni ín.