Apanirun Inú Ara

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́ṣáláṣí, nídìí òrìṣà, àdúrà kan kì í wọ́n lẹ́nu ọmọ Yorùbá: kí Elédùmarè má jẹ̀ẹ́ kí apanirun wọlé. Àmín tó ń tẹ̀lé e máa ń rinlẹ̀. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ tí irú apanirun kan ti wọlé. Inú awọ àti inú eegun ló ń gbé, ọjọ́ tí wọ́n bá sì lé e jáde, ilé náà ni yóò wó.

MT1-MMP ni wọ́n ń pè é. Ẹ́ńsáìmù ni, ọ̀kan pàtàkì nínú iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó máa gé collagen, èròjà bí okùn tó di awọ àti eegun mú.

Lọ́dún 1999, Kenn Holmbeck àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ròyìn èkúté tí wọ́n ti ba jíìnì ẹ́ńsáìmù yìí jẹ́ lára wọn. Nígbà tí wọ́n bí wọn, kò sí ohun tó hàn pé ó ṣe wọ́n. Kò pẹ́ tí ìdàgbàsókè wọn fi dúró. Ẹnu wọn kúrú, orí wọn rí róbótó, àrùn mú oríkèé wọn, awọ ara wọn sì ń le nítorí okùn tí kò sẹ́ni tó gé. Wọn kò lo ọgọ́rùn-ún ọjọ́ láyé.

Ẹni tó bá gbọ́ èyí lè rò pé eegun wọn á nípọn, nígbà tí agégi ti kúrò lóko. Rárá o! Fẹ́lẹ́ ló rí. Kí eegun agbárí tó pé dáadáa, eegun rírọ̀ kan wà níbẹ̀ tó gbọ́dọ̀ pòórá. Lára àwọn èkúté yìí, ó kọ̀, kò lọ. Agbára àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń mọ eegun pàápàá dín kù. Bí ẹni tó ń wó kò bá ṣiṣẹ́, ẹni tó ń kọ́ náà kò rí ṣe.

Tibi tire la dá ilé ayé, àwọn àgbà ti wí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló sì ń gbọ́ ọ bí ẹni pé ọ̀tá méjì ló ń gbé yàrá kan. Èkúté wọ̀nyí ní kí a tún un gbọ́. Yorùbá kò pe Ògún ní aṣebi torí pé irin rẹ̀ ń gé. Ohun tí ọ̀bẹ gbẹ́nàgbẹ́nà mú kúrò lára igi ló jẹ́ kí ojú ère là.

Ẹ wo ẹ́ńsáìmù kejì, cathepsin K, tí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń jẹ eegun ń lò. Ẹni tí kò ní i láti inú ìyá rẹ̀ wá, eegun rẹ̀ ki, síbẹ̀ kò ṣòro kán. Àwọn dókítà kan gbà pé ohun tó ṣe Toulouse-Lautrec nìyẹn, ayàwòrán ará Faransé tí itan rẹ̀ méjèèjì kán nígbà tó wà lọ́mọdé.

Ilé iṣẹ́ Merck ṣe oògùn kan, odanacatib, láti fi dí cathepsin K lọ́wọ́, kí eegun àwọn ìyá àgbà má baà máa kán. Eegun tó ń kán dín kù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n awọ ara àwọn díẹ̀ le, àrùn rọpárọsẹ̀ sì mú àwọn tó lò ó ju àwọn tí kò lò ó lọ. Lọ́dún 2016, Merck jáwọ́ nínú rẹ̀.