Ta Ni Yóò Jókòó Ti Àgbà?

Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Gbogbo wa la mọ òwe yìí, ṣùgbọ́n ní Peckham tí a wà yìí, ó yẹ kí á bi ara wa pé kí ni ọmú náà. Ṣé owó ni? Àbí oúnjẹ inú kúlà?

Bí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ abẹ fún arúgbó, pàápàá nígbà tí egungun ìbàdí bá ṣẹ́, ọgbẹ́ lè máa jinná kí ọkàn rẹ̀ sì dàrú. Yóò máa pe ẹni tó ti kú, kò ní mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru. Delirium ni àwọn dókítà ń pè é. Kì í ṣe pé àjẹ́ ń ká. Ó sábà máa ń lọ, ṣùgbọ́n iyè àwọn mìíràn kì í padà sípò tán. Dókítà Bedford ti kọ̀wé lé e lórí láti ọdún 1955.

A lè dín in kù. Láti ọdún 2003 ni ilé ìwòsàn Guy's àti St Thomas' ti ní àwọn dókítà tí ń yẹ àgbàlagbà wò dáadáa kí wọ́n tó fi abẹ kàn án. Ìlànà tí àjọ NICE gbé jáde ní 2010 kò le: kí àgbà rí omi mu, kí ó sùn lóru, kí ó tètè dìde rìn, kí awò ojú àti ẹ̀rọ ìgbọ́ràn rẹ̀ wà lára rẹ̀, kí àwọn ẹbí sì máa wá sọ́dọ̀ rẹ̀.

Ẹnìkan lè ní iṣẹ́ nọ́ọ̀sì nìyẹn. Òótọ́ ni, nọ́ọ̀sì lè bu omi; ṣùgbọ́n ta ni yóò kí ìyá ní oríkì rẹ̀ nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì bá ti sá mọ́ ọn lẹ́nu? Ní Aro, l'Abẹ́òkúta, láti 1954, Dókítà T. A. Lambo ní kí ẹbí bá aláìsàn ọpọlọ wá, kí wọ́n jọ máa gbé. Kò ka ẹbí sí ìdíwọ́. Ara ìtọ́jú ló kà wọ́n sí.

Ẹni tí ń ṣiṣẹ́ òru kì í ṣe ọmọ burúkú. Ìdí nìyí tí ẹrù yìí kò fi yẹ ẹnìkan ṣoṣo: àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹgbẹ́ tó lè pín aṣọ ẹbí lè pín wákàtí ìbẹ̀wò.

Ojúṣe kejì ni òtítọ́. Bí bàbá bá ti ń gbàgbé nǹkan, tàbí tó ń mu àgbo, ẹ sọ fún dókítà ṣáájú iṣẹ́ abẹ. Fífi àìsàn àgbà pamọ́ kì í ṣe ọ̀wọ̀.

Nígbà mìíràn, a ó ṣe gbogbo èyí, ọkàn àgbà yóò sì tún dàrú. Kí á má dá ọmọ lẹ́bi nígbà náà. Jíjókòó ti òbí kì í ṣe òwò tí a ń retí èrè lórí rẹ̀. Gbèsè ni, ẹ jẹ́ kí á san án.