Ọbẹ̀ Tó Dùn, Kì Í Ṣe Owó Nìkan Ló Pa Á

Àwọn àgbà ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Òótọ́ ni wọ́n sọ, àgàgà lóde òní tí ata rodo ẹ̀kúnwọ́ kan lè gbé owó ọjà mì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi òwe náà mọ sórí ẹran àti ẹja kò tíì gbọ́ ọ tán. Owó lè pọ̀ nínú ìkòkò, kí ṣàkì, pọ̀nmọ́ àti panla máa fara gbún ara wọn, kí ọbẹ̀ náà ṣì tẹ́ lẹ́nu. Nǹkan mìíràn ń bá owó pa ọbẹ̀. Àkókò ni, àkókò tí ẹnìkan ti lò sórí èròjà kó tó dé ìdí ààrò wa. Ibẹ̀ ló yẹ ká gbé ọ̀rọ̀ oúnjẹ wàrà-wéré gbà, torí pé ibi tí a máa ń gbé àríyànjiyàn rẹ̀ gbà kò tọ̀nà.

Ohun tí àwọn kan máa ń sọ ni pé gbogbo ohun tí a rà ní dídì kò dáa, pé èyí tí a fọwọ́ ara wa ṣe nílé nìkan ló dùn. Mi ò bá wọn dé ibẹ̀. Àwọn ìyá wa kò fìgbà kan ṣe gbogbo nǹkan nílé. Kí ni èlùbọ́? Ẹni tó ṣe é ti bẹ iṣu, ó ti bọ̀ ọ́ lómi gbígbóná, ó ti rẹ ẹ́ mọ́jú, ó ti sá a sóòrùn lọ́jọ́ púpọ̀ títí ó fi gan, kó tó wá gbé e lọ sí ẹ̀rọ. Ìdí nìyẹn tí omi híhó àti ọmọorógùn fi tó láti sọ ọ́ di àmàlà kí ọmọ tó ti ilé ìwé dé tó bọ́ aṣọ tán. Gaàrí ńkọ́? Ẹ̀kọ tí ẹlẹ́kọ ń kiri láàárọ̀ ńkọ́? Oúnjẹ wàrà-wéré ni gbogbo wọn lọ́dọ̀ ẹni tó rà wọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe wọ́n kò kánjú. Àkókò náà kò sọnù. Ẹlòmíràn ló bá wa lò ó, àwa sì san owó rẹ̀. Nítorí náà, ohun tó yẹ ká máa béèrè lọ́jà kò ju ẹyọ kan lọ: ṣé ẹnìkan lo àkókò sórí ohun tí mo fẹ́ rà yìí, àbí ńṣe ni wọ́n fo àkókò náà dá?

Irú ni mo fẹ́ mú, torí òun ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí jù. Ẹ wo bí wọ́n ti ń ṣe é ní Ṣakí, ní Ìsẹ́yìn, ní agbègbè Ìlọrin àti káàkiri ilẹ̀ ọ̀dàn tí igi irúgbá ti ń hù. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni èso rẹ̀ ń gbó. Wọ́n á já a, àwọn ọmọdé á lá ìyẹ̀fun pupa rẹ́súrẹ́sú tó wà nínú èèpo gígùn rẹ̀, torí ó ládùn. Àwọn ìyá á sì fọ kóró rẹ̀ mọ́. Kóró náà le. Bí wọ́n bá gbé e kaná nírọ̀lẹ́, ilẹ̀ á mọ́ bá a lórí iná. Wákàtí 12 kì í sábà tó o. Lẹ́yìn èyí, wọ́n á bu yanrìn tàbí eérú sí i, wọ́n á gún un jẹ́jẹ́ nínú odó tàbí kí wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, kí èèpo lè bó láìjẹ́ pé inú fọ́. Odò ló kàn. Tàwọn ti apẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n á máa ṣàn án títí èèpo àti yanrìn yóò fi bá omi lọ. Wọ́n á tún un sè. Èyí tí wọ́n bá fẹ́ fi ṣe irú pẹ̀tẹ̀, wọ́n á fi kúúrú sí i kó lè rọ̀ dáadáa; èyí tó máa jẹ́ irú wooro, wọn kò ní jẹ́ kó rọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ní gbígbóná ni wọ́n á dà á sínú igbá, wọ́n á fi ewé bò ó, wọ́n á fi aṣọ àti àpò ìdọ̀họ wé e, wọ́n á gbé e síbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ló máa lò níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ máa ṣí i wò ṣáá.

Abẹ́ ìbora yẹn ni iṣẹ́ gidi wà. Kòkòrò àìfojúrí kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Bacillus subtilis á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ lára kóró náà. Á máa tú amúaradàgbà inú rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, ooru á máa mú láìsí iná, ara kóró á máa yọ̀, á máa fà, òórùn rẹ̀ á sì gba gbogbo àgbàlá. Ọ̀kan nínú ohun tó ń jáde bí amúaradàgbà ti ń tú ni glutamate, òun ló ń mú itọ́ dà lẹ́nu ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Kòkòrò yìí kan náà ni àwọn ará Japan fi ń ṣe nattō láti ara ẹ̀wà sóyà. Àwọn Haúsá ní dawadawa tiwọn, àwọn Fọ̀n ní Benin ní afitin, àwọn ará Mali ní soumbala. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó rí ọ̀nà àbùjá gbà.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ ti magí láìpurọ́ mọ́ ọn. Julius Maggi, ará Switzerland, ìyẹ̀fun ẹ̀wà tí wọ́n lè fi se ọbẹ̀ kíákíá ló fi bẹ̀rẹ̀ láàárín ọdún 1880 sí 1890. Àwọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ nílé ẹ̀rọ, tí wọn kì í ráyè dáná, ló ṣe é fún. Ọdún 1908 ni ilé iṣẹ́ rẹ̀ gbé magí onígun kékeré jáde. Lọ́dún yẹn kan náà, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Japan, Kikunae Ikeda, ń wádìí ohun tó ń mú kí omi ọbẹ̀ tí wọ́n fi ewé inú òkun sè dùn bẹ́ẹ̀, ó sì rí i pé glutamate ni. Láti ibẹ̀ ni ajínómotò ti wá; wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní 1909. Glutamate yìí náà ló wà nínú magí, ó já sí pé ohun tó ń dùn nínú magí àti ohun tó ń dùn nínú irú, ìbátan ni wọ́n. Ẹni tó bá ní májèlé ni magí ń ṣe àsọdùn, àwọn àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ kò fòfin dè é.

Ibi tí ọ̀nà ti pínyà ni pé irú kì í dá mú glutamate nìkan wá. Ó mú òórùn tirẹ̀ wá, ó mú ọ̀rá wá, ó mú ohun tí eyín lè rún wá. Bó bá sì gbẹ, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ ni amúaradàgbà. Magí ńkọ́? Ẹ yí ẹ̀yìn páálí rẹ̀ padà, kẹ́ ẹ kà á. Ohun tó bá pọ̀ jù ni wọ́n ń kọ́kọ́ dárúkọ, iyọ̀ lẹ sì máa bá níbẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ magí, iyọ̀ yìí lé ní ìdajì. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ kò gbọdọ̀ tó gíráàmù 5, ìyẹn ṣíbí kékeré kan. Ẹni tó bá ju magí oní-gíráàmù 4 mẹ́rin sínú ọbẹ̀ tí ènìyàn mẹ́rin máa jẹ ti fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní iyọ̀ tó lé ní gíráàmù 2 kó tó fọwọ́ kan ike iyọ̀ rárá. Bẹ́ẹ̀, a kì í jẹun lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Nínú ilé tí ẹ̀jẹ̀ ríru bá wà, ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò ní ọ̀rọ̀ adùn nìkan.

Adùn náà ni mo sì ń bá bọ̀. Ohun tó ń dùn mí jù ni pé gbogbo ọbẹ̀ wa ti fẹ́ máa dùn bákan náà. Ilá, ẹ̀gúsí, ẹ̀fọ́ rírò, ọbẹ̀ ata, títí kan ìrẹsì ibi ìnáwó: ahọ́n á kọ́kọ́ bá iyọ̀ pàdé, á bá magí pàdé, ibẹ̀ náà ni ìròyìn parí sí. Ewédú tí a fi irú pẹ̀tẹ̀ sè kò jọ ọbẹ̀ ọ̀fadà tí irú wooro ti din nínú epo, bó tilẹ̀ jẹ́ pé igi kan náà ló bí irú méjèèjì. Ọmọ tó bá ti ń jẹ ọbẹ̀ magí láti kékeré kò lè mọ ìyàtọ̀ yìí, kì í sì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀.

Bí a kò bá rí àdán, à á fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Òwe yìí fàyè gba ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó ohun tó yẹ. Ẹni tó wà ní London tàbí Houston láyé ọjọ́un, tí kò rí irú rà, tó fi magí se ẹ̀fọ́, kò jẹ gbèsè ẹnikẹ́ni. Obìnrin tó kúrò nílé láàárọ̀ kùtù, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ Èkó kò jẹ́ kó délé títí di aago mẹ́sàn-án alẹ́, tí ọmọ sì ń ké ebi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá a wí. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò rí àdán ni òwe ń bá wí. Àdán kún orí àtẹ ní Bódìjà, ó kún Mushin, wọ́n tilẹ̀ ń gbẹ irú sínú ọ̀rá ránṣẹ́ sí àwọn ará wa lókè òkun. Èéṣe tá a wá ń fi òòbẹ̀ rúbọ lójoojúmọ́?

Mi ò ní pẹ́ lórí àwọn oúnjẹ wàrà-wéré yòókù. Póńdò, ìyẹ̀fun iṣu tí a ń fi omi gbóná rò, ń yó ni, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí èyí tó ní òórùn iṣu tútù, tó sì ń fà bíi ti inú odó. Ẹni tí apá rẹ̀ kò bá ká ọmọ odó, ẹ̀rọ tó ń gún iṣu síse sàn fún un. Tòmátò inú agolo, àwọn kan wà tí wọ́n ti sè títí omi rẹ̀ fi gbẹ, iṣẹ́ wà lára ìyẹn. Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ sítáàṣì ló mú wọn ki, ara agolo ló máa sọ fún yín. Bíléńdà kò ṣẹ ẹnikẹ́ni: làálàá apá ló gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀. Àkàrà tí a fi ìyẹ̀fun ẹ̀wà gbígbẹ ṣe kì í sábà gbé afẹ́fẹ́ dúró bíi ti ẹ̀wà tí a rẹ, tí a bó, tí a lọ̀ ní tútù, tí a sì pò dáadáa, ìdí nìyẹn tí inú rẹ̀ fi ń le. Àwọn alákàrà Bahia, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní acarajé, ṣì ń fi ẹ̀wà, àlùbọ́sà àti epo pupa ṣe tiwọn. Lọ́dún 2005, ìjọba Brazil kọ iṣẹ́ wọn sínú ìwé ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè náà. Ó yẹ kí ìyẹn wú àwa tí a ni àkàrà lórí.

Kì í ṣe gbogbo irú ló dáa o. Kánjúkánjú ti wọ iṣẹ́ yìí náà. Àwọn kan kì í sè é dé ojú ẹ̀, àwọn kan ń fi sóyà ṣe é láìsọ fún oníbàárà, yanrìn sì wà nínú òmíràn tó lè ya ènìyàn léyín. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ra irú wooro, ẹ fi ìka méjì tẹ kóró kan: ó yẹ kó rọ̀ láìfọ́ yángá. Òórùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ lágbára, ṣùgbọ́n bó bá ń ta ènìyàn nímú, ó ti ré kọjá ibi tó yẹ kó dúró. Bẹ́ ẹ bá délé, ẹ dà á sómi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ fọwọ́ rú u, ẹ jẹ́ kó dúró díẹ̀ kí yanrìn lè rì sílẹ̀, kẹ́ ẹ wá gbọ̀n irú náà kúrò lójú omi.

Ìgbà tí a ń fi irú sọ́bẹ̀ náà ṣe kókó. Ọ̀pọ̀ ló máa ń jù ú sórí ẹ̀fọ́ nígbà tí ọbẹ̀ bá ti fẹ́ sọ̀, wọ́n á wá ní kò dùn. Bó bá ṣe ẹ̀fọ́ rírò ni, ẹ jẹ́ kí epo pupa gbóná, kẹ́ ẹ da àlùbọ́sà sí i, kẹ́ ẹ tẹ̀ lé e pẹ̀lú irú wooro kí ata tó dé. Ẹ máa rò ó. Òórùn rẹ̀ á kọ́kọ́ le, lẹ́yìn náà á rọlẹ̀, á bá ti àlùbọ́sà dọ́gba. Ìgbà yẹn gan-an ni kí ata wọlé, kó sì din títí omi rẹ̀ á fi gbẹ. Ẹran, panla àti edé lè wá tẹ̀ lé e, ṣọkọ tàbí tẹ̀tẹ̀ ló máa gbẹ̀yìn. Ti ewédú yàtọ̀: irú pẹ̀tẹ̀ ló ni ín, ẹ̀yìn tí ìjábẹ̀ bá ti já a tán ló ń wọlé, kó sì hó díẹ̀. Ẹ tọ́ ọbẹ̀ yín wò kẹ́ ẹ tó na ọwọ́ sí magí. Bó bá ṣì ku díẹ̀ káàtó, ìdajì ẹyọ kan kò ba nǹkan jẹ́. Ibi tí mo fi magí sí nìyẹn, kò gbọdọ̀ kọjá ibẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ kan ń tijú òórùn irú, pàápàá àwọn tó ń gbé fúláàtì tí ilé ìdáná kò jìnnà sí pálọ̀. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ bu iyọ̀ díẹ̀ sí i, ẹ pín in sínú ike kéékèèké tó ní ìdérí, kẹ́ ẹ kó o sínú fìrísà. Á pẹ́ níbẹ̀, kò sì ní yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

Èyí tó ku ń bẹ lọ́wọ́ àwọn tó ni ilẹ̀. Igi irúgbá kì í tètè so, kì í sì í ṣe gbígbìn la gbin ọ̀pọ̀ nínú èyí tí à ń ká lónìí. Àwọn àgbẹ̀ ló dá wọn sí nígbà tí wọ́n ń ṣán oko. Àwọn ẹlẹ́èédú ti ń gé wọn báyìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní oko ní Òkè-Ògùn àti ní Kwara, ẹ má ta igi irúgbá yín fún wọn, kẹ́ ẹ sì gbin òmíràn ti èyí tẹ́ ẹ bá nílẹ̀. Àwa tá à ń dáná nígboro, ẹ jẹ́ ká máa ra irú lọ́wọ́ àwọn ìyá tó ń sè é mọ́jú, ká má sì máa dọ́gbọ́n ná wọn bọ́ sí gbèsè.