Fífi Iṣẹ́ Sílẹ̀ àti Fífi Iṣẹ́ Léni Lọ́wọ́

Ìwọ ọ̀dọ́ tí ń ka ìwé yìí, bí ẹnì kan bá fi iṣẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ kí ó tó parí, ǹjẹ́ ó tọ́ kí a pè é ní ọ̀lẹ? Má yára dáhùn.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ní eré kan tí wọ́n ń pè ní bésíbọ́ọ̀lù. Ẹnì kan a máa ju bọ́ọ̀lù, alátakò rẹ̀ a sì máa fi ọ̀pá gbá a. Ìpín 9 ni eré náà ní. Bí ó bá rẹ ajubọ́ọ̀lù, ọ̀gá ẹgbẹ́ lè fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òun nìkan bá jù ú dé òpin, a ó kọ ọ́ sílẹ̀ fún un pé ó parí eré. Ní 1904, Jack Chesbro parí eré 48. Ìgbà 9 ni Warren Spahn ta gbogbo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú líìgì yọ. Ní 1963, tí ó ti di ẹni ọdún 42, ó parí 22.

Ní oṣù Keje ọdún náà, ó kojú Juan Marichal, ọmọ ọdún 25, ní pápá Candlestick ní San Francisco. Ìpín 9 parí, ẹnikẹ́ni kò jẹ. Àwọn méjèèjì ń jù ú títí di ìpín 16, kí Willie Mays tó gbá bọ́ọ̀lù tí ó fi òpin sí i. Wọ́n ní ọ̀gá Marichal fẹ́ mú un kúrò, ó kọ̀: níwọ̀n ìgbà tí àgbàlagbà yẹn bá ṣì dúró, òun kò ní kúrò.

Ní pápá yìí kan náà, ní oṣù Kẹwàá 1962, Dick Tiger ọmọ Nàìjíríà ja ìpele 15 pẹ̀lú Gene Fullmer, ó sì gba oyè àgbáyé lọ́wọ́ rẹ̀. Ìpele 15 náà ni wọ́n tún jà ní Las Vegas, tí wọ́n ta ọ̀mì. Ìjà kẹta, ní oṣù Kẹjọ 1963, wáyé ní Ìbàdàn, tí kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí Ayépé wa yìí. Lẹ́yìn ìpele keje, àwọn ènìyàn Fullmer kò jẹ́ kí ó dìde mọ́. Ta ni yóò pe irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ní ojo?

Ní 2022, Sandy Alcantara ni ó ṣíwájú nínú líìgì ti Spahn. Eré 6 péré ni ó parí. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní ìgúnpá, kò sì ju bọ́ọ̀lù kankan nínú líìgì ní 2024. Èmi kò dá àwọn ọ̀gá ìsinsìnyí lẹ́bi bí wọ́n bá ń tètè pààrọ̀ ènìyàn.

Wo àwọn ìyá wa tí ń yan gàrí. Ẹni tí ó bá tú àpò ẹ̀gẹ́ kúrò lábẹ́ òkúta kí ó tó kan, ohun tí ó yan kì í ṣe gàrí Ìjẹ̀bú. Ṣùgbọ́n bí èéfín bá bo ìyá lójú, a na igbá sí ọmọ rẹ̀, a sọ bí iná ti rí fún un, gàrí náà kò sì ní jó. Ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín ìyá yìí àti ẹni tí ó kàn dìde kúrò nídìí agbada nítorí pé ó gbọ́ ìlù lójúde.

Mo mọ àwọn ọmọ tí àìlówó lé kúrò ní ilé-ìwé. Èmi kò bá wọn wí. Ìwọ ńkọ́, ìwé ìṣirò tí o pa dé láti ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, ṣé èéfín ni, àbí ìlù?